Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ìjókòó

Ní etíkun tiwa ní Manalthurai, bí àwọn obìnrin bá rí i pé ọkọ̀ kan ń fa òmíràn bọ̀ láti ojú òkun, eré ni wọ́n máa ń sá. Ẹni tó ń bọ́ ọmọ á gbé ọmọ kalẹ̀. Ẹni tó ń ṣa ẹja á fi ẹja sílẹ̀ fún ẹyẹ kannakánná. Gbogbo wa la mọ ohun tí ọkọ̀ tí wọ́n ń fà bọ̀ lè jẹ́.

Àṣà àwọn bàbá wa ni. Bí apẹja bá pàdé ọkọ̀ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ì báà jẹ́ pé àwọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ omi, yóò ká a, yóò so okùn mọ́ ọkọ̀ náà, yóò sì fà á wálé, torí pé ìyàwó kan wà níbì kan tó ń wo ojú òkun. Ẹni tó bá rí i tó kọjá lọ, a kì í bá a mu tíì mọ́. Àṣà rere ni, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u lójú mi. Ṣùgbọ́n ayé ti gbé nǹkan tuntun wá sórí òkun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Siluvai fún yín.

Siluvai, ọkọ Kanikkai, ilé rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ òkun bí ẹni mowó. Òun àti Arulappan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n wọ ọkọ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n jẹ ẹ̀gẹ́ àti ọbẹ̀ sàdíìnì kí wọ́n tó lọ. Afẹ́fẹ́ dákẹ́, omi sì tẹ́jú bí epo inú àwo. Ẹja kò sí nítòsí, wọ́n bá lọ jìnnà ju bí wọ́n ṣe máa ń lọ. Ibẹ̀ ni Arulappan ti nàka.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ wo nìyẹn?"

Ọkọ̀ kékeré kan ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti máńgòrò tó pọ́n. Kò ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, síbẹ̀ ó dúró sójú kan. Wọ́n sún mọ́ ọn, Siluvai bá pariwo.

"Ẹ̀yin ará inú ọkọ̀ o! Ta ló wà níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Wọ́n ti bómi lọ," ni Arulappan wí.

"Panu mọ́. Wo inú rẹ̀ dáadáa ná."

"Inú wo? Kò ní inú. Wọ́n dé e lórí pa bí ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹni náà ń jókòó sí?"

Siluvai na ọrùn wò ó. Òun náà ti rí i. Kò sí ìjókòó, kò sí àwọ̀n, kò sí abọ́ oúnjẹ, kò sí bàtà. Gíláàsì dúdú tó ń dán ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró láàárín, iná kékeré kan sì ń ṣẹ́jú lórí òpó náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Siluvai ti wà lórí okùn. Ohun tí bàbá ẹni bá fi kọ́ni, ọwọ́ a máa ṣe é kí orí tó rò ó.

Wọ́n so ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí okùn fi le gan-gan. Ọkọ̀ tí kò lénìyàn náà ń yí orí padà. Kò pariwo, kò rú èéfín, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń kọjú sí ibi tí wọ́n ti mú un. Orí Arulappan wú. Ó ya àmì àgbélébùú sára.

"Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́kọ̀ ni! Òkú ẹ̀ ló ń wà á. Kò fẹ́ kúrò níbi tó kú sí."

"Òkú a máa wa ọkọ̀?"

"Kí ló wá ń wà á? Ẹ bi í!"

Siluvai wo ọkọ̀ náà títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Arákùnrin, jọ̀ọ́, má bínú. Ilé la ń mú ọ lọ. Ìyàwó rẹ ń retí." Ó tún okùn dì, ó sì tẹ ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ dé òpin.

Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, etíkun ti kún. Amali, ọmọ Siluvai, wà níwájú gbogbo èrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Viyagappan ọkọ rẹ̀ wà lójú agbami pẹ̀lú àwọn tó ń pẹja ńlá, àwọn tí kì í tètè wálé. Nígbà tí Amali rí àwọ̀ ọkọ̀ náà, ó jókòó sórí iyanrìn, ó mí kanlẹ̀.

"Kì í ṣe tiwọn," ló wí.

Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ní Manalthurai. Àwọn ìyá wa tan àbẹ́là síwájú rẹ̀, wọ́n fi òdòdó lé e lórí. Arulappan ti ń ròyìn fún èrò, bó sì ṣe ń ròyìn ni òkú ọlọ́kọ̀ náà ń ga sí i. Ọ̀gbẹ́ni kan tí mi ò ní dárúkọ ti ń fọwọ́ pa gíláàsì dúdú yẹn. Ó ní sólà ni, pé bí kò bá ti lẹ́ni tó ni ín, kí wọ́n jẹ́ kóun yọ ọ́ lọ fi tan iná ilé òun.

"O fẹ́ ja òkú lólè?" ni Siluvai bi í.

Ibi tí wọ́n ti ń jà lọ ni Pushpam ti sáré dé. Ọmọ àbúrò Siluvai ni. Ìlú ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kan irú àwọn ọkọ̀ báyìí. Ìyá rẹ̀ ló wá wò. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló mú un wá síbí?"

"Èmi ni," ni Siluvai dáhùn. "Ṣé wọn kì í kí àgbà mọ́ ní ìlú ńlá?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ kúuṣẹ́, ẹ kú ewu òkun. Ta ló ní kí ẹ mú un wá síbí?"

Ẹ̀rín pa àwọn kan, ṣùgbọ́n Pushpam kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó gbá òdòdó kúrò lórí gíláàsì, ó ń fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ náà bíi pé ọmọ tó ṣubú ni.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó kú. Kò sí ènìyàn nínú ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kàn án. Ó ń wa ara ẹ̀ ni."

Arulappan pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Ọkọ̀ ń wa ara ẹ̀. Kí apẹja wá máa ṣe kí ni? Ká máa jókòó nílé ká máa bó àlùbọ́sà?"

"Ẹ̀yin ẹ máa pẹja yín, Bùrọ̀dá. Eléyìí kì í pẹja. Òkun ló ń ṣọ́. Ó ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, ó ń mọ bí ìgbì ṣe ga, ó ń mọ bí omi ṣe gbóná tó, á wá fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń wo ojú ọjọ́. Ó tún lẹ́nìkejì lábẹ́ omi, èyí tí kò tóbi ju èèyàn kan lọ. Ìyẹn máa ń rì lọ síbi tí oòrùn ò dé rí, á tún léfòó wá sọ ohun tó rí fún eléyìí. Tó bá léfòó báyìí, kò ní rẹ́ni bá sọ̀rọ̀."

Kanikkai, ìyàwó Siluvai, sún mọ́ ọn.

"Níbi tí oòrùn ò dé? Òun nìkan?"

"Òun nìkan, Màámi."

"Ẹ̀rù ò bà á?"

"Kò lọ́kàn tí ẹ̀rù lè wọ̀. Ìyẹn la ṣe ń rán an dípò ọmọ èèyàn."

Nọ́ńbà fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà gàdàgbà-gàdàgbà. Gbogbo wa ti rí i, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó pé ká pè é. Òkú la ń wá, a ò wá nọ́ńbà. Pushpam pè é, ó jẹ́ kí ohùn ẹni tó gbé e jáde sí gbangba. Obìnrin kan ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ohunkóhun lára ẹ̀. A ti ń rí i tó ń rìn. A rò pé olè ni."

"Apẹja ni, mà. Wọ́n rò pé ẹni tó ni ín ti kú ni, wọ́n bá gbé e wá fún ará ilé ẹ̀."

Ohùn obìnrin náà rọ̀. "Ọlọ́run á bù kún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ tètè dá a padà. Omi ti ń gbóná jù lápá ibi tí wọ́n ti mú un, ìjì lè máa gbára jọ níbẹ̀. Òun nìkan la ní níbẹ̀. Láti àárọ̀, a ò rí ojú omi ibẹ̀ mọ́."

Amali dìde kúrò lórí iyanrìn. "Apá ibẹ̀ ni Viyagappan lọ. Bí ìjì bá dìde, ta ló máa sọ fún un?"

Siluvai dijú. "Mo ti fọ́ ojú ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ ọmọ mi," ló wí.

"Bàbá, ojú náà ò tíì fọ́," ni Pushpam wí. "Ẹ dìde."

Obìnrin orí fóònù ní kí wọ́n fà á kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kí wọ́n tú okùn, kí wọ́n sì jìnnà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"A ò ní sìn ín débẹ̀ ni?" ni Siluvai bi í.

"Rárá, Bàbá. Ó mọ̀nà."

Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló ti ọkọ̀ sómi, títí kan ọ̀gbẹ́ni olójúkòkòrò yẹn. Lẹ́yìn ìgbì, Siluvai tú okùn. Ọkọ̀ náà dúró díẹ̀, ó ń mì lórí omi. Iná orí òpó rẹ̀ pàwọ̀ dà. Ó wá yí orí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tó ń rántí ibi tó ń lọ, ó sì kọjú sí agbami, ó ń lọ. Kò sí ohùn, kò sí èéfín, kò sí ọwọ́ tó dì í mú. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, mo ti rí àbùùbùtán tó ń tu omi sókè, ṣùgbọ́n omijé bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ohùn Fadá dún láti orí gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọkọ̀ yẹn ti ránṣẹ́ sáwọn tó ń wo ojú ọjọ́ pé ìjì ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ omi. Àwọn tó ní rédíò nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ara wọn, ọkọ̀ kan ń sọ fún èkejì títí ọ̀rọ̀ náà fi dé agbami. Amali jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ oúnjẹ. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, òun náà kò jẹun.

Afẹ́fẹ́ ti ń tẹ orí igi àgbọn wálẹ̀ kí a tó rí ọkọ̀ wọn. Viyagappan bọ́ sílẹ̀, iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ ọn lójú. Amali dì mọ́ ọn. Siluvai ló bi í bí wọ́n ṣe rìn.

"Bàbá, nígbà tí rédíò sọ̀rọ̀, òkun ṣì dára. Bí a bá dúró dìgbà tó bàjẹ́ lójú wa, a kì bá tí wálé. A ń sá bọ̀, ìgbì ti ń ga, la bá rí nǹkan kan tó kọjú sí wa. Kékeré báyìí. Ìgbì á bò ó, á yọ. Ìgbì á tún bò ó, á tún yọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Gbogbo wa ń sá fún ìjì, òun ń lọ bá a."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A ṣí aṣọ orí wa, Bàbá. A dìde dúró títí ó fi kọjá."

Siluvai yíjú kúrò lọ́dọ̀ wa, ó sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin ará mi, àwọn ọkọ̀ yìí ń pọ̀ sí i. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kan òmíràn. Àwọn kan ń ṣọ́ ojú ọjọ́, àwọn kan ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ òkun, àwọn mìíràn ń wo ìdí èbúté lábẹ́ omi. Àwọn ọmọ wa náà lè kọ́ iṣẹ́ wọn, bí Pushpam ṣe kọ́ ọ. Bí ẹ bá pàdé ọkọ̀ tó ṣófo, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní ìjókòó. Bó bá ní ìjókòó, tí ẹ rí abọ́ tàbí àwọ̀n nínú rẹ̀, ti ọmọ ènìyàn ni. Ẹ pariwo fún ìrànlọ́wọ́, ẹ wá ẹni tó ni ín, kí ẹ sì mú un wálé bí àwọn bàbá wa ṣe kọ́ wa. Bí wọ́n bá dé e lórí pa, tí kò sí ibi tí ènìyàn lè jókòó sí, ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ má so ọkọ̀ yín mọ́ ọn nítorí ẹja tó máa ń kóra jọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì yọ ohunkóhun lára rẹ̀. Bó bá kó sínú àwọ̀n yín, ẹ rọra tú u, ì báà gba pé kí ẹ gé àwọ̀n. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, tàbí kí ẹ sọ fún ẹgbẹ́ apẹja bí ẹ bá ti gúnlẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fà á wálé, ọkọ ẹlòmíràn lè máà wálé.