Ìbéèrè Mẹ́ta fún Òkú Ẹ̀bá Ọ̀nà

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nípa Olúṣínà ni pé gbogbo bọ́ọ̀lù tó mọ̀ ló ti pẹ́. Ó fẹ́ràn Shooting ti Ìbàdàn bí ẹ̀mí ara rẹ̀. Tí rédíò bá ti dárúkọ wọn, ojú rẹ̀ á máa dán. Ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù tó máa ń pariwo orúkọ wọn, àwọn tó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tipẹ́ ni. Ó lè ní kí lágbájá gbá a sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ lágbájá ti ń ta sìmẹ́ńtì.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé inú ihò lò ń gbé ni?" Jethro ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ni Jethro, Rangers ti Enugu ló ń tì lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ò sì ní bíréèkì.

Olúṣínà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, bíi pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀.

Èmi ni Gbádéyan. Táyà ni mò ń lẹ̀ ní Kàbbà, lọ́nà tó lọ sí Ìyàrá. Pírámárì mẹ́ta ni mo kà, mo fi sílẹ̀. Òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ló fún mi ní páálí eré kan nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, torí èmi ni mò ń bá a tún alùpùpù rẹ̀ ṣe. Ìwé wà níbẹ̀, dáìsì wà níbẹ̀. Dáìsì yẹn kì í ṣe irú ti lúdò o. Òmíì ní ojú mẹ́jọ, òmíì ní ogún. Mo gbé dikíṣọ́nárì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, mò ń kà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yé mi.

Eré yẹn ò le. Èmi á sọ ibi tẹ́ ẹ wà àti ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ̀yin á sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Tí ohun náà bá ṣòro, ẹ ju dáìsì, òun ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Kálukú ló ní ẹni tó ń ṣe. Jethro ń ṣe olóògùn. Florence, tíṣà ni, jagunjagun ló ń ṣe. Olúṣínà ń ṣe ọdẹ tó mọ̀nà. Èmi tí mò ń darí eré, rẹfirí ni wọ́n ń pè mí.

"Ta ló wá máa borí?" Florence bi mí lọ́jọ́ tá a bẹ̀rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń borí."

"Áà, eré Shooting nìyẹn," Jethro ní. "Ó ti mọ́ wọn lára."

Ọjọ́ Sunday la máa ń ṣe é ní yàrá mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò.

Adétutù àbúrò mi fẹ́ fẹ́ Olúṣínà. Ọkàn rẹ̀ ti lọ pátápátá. Bàbá wa ò gbà. Ó ní, "Ta ni bàbá ẹ̀? Mi ò lè fọmọ fún ẹni tí mi ò mọ agboolé ẹ̀." Olúṣínà ní Mopa lòun ti wá. Bàbá ránṣẹ́ sí Mopa, wọn ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Bàbá wá ní kó mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá kí oṣù yẹn tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó má tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Adétutù dáhùn lójú gbogbo wa pé tí wọ́n bá lé e, òun á bá a lọ, ibi yòówù kó máa lọ.

Sunday tí mò ń sọ yìí, òjò ṣú, kò rọ̀. Adétutù dín àkàrà, ó gbé e síwájú wa. Eṣinṣin kún yàrá. Wọ́n ń bà lé Jethro, wọ́n ń bà lé èmi, wọ́n ń bà lé Florence. Wọn ò bà lé Olúṣínà. Mo rí i, mo panu mọ́.

"Ẹ ti jáde nínú igbó," mo ní. "Òkú ọkùnrin kan wà lẹ́bàá ọ̀nà."

Mo fi òkú yẹn síbẹ̀ kó lè júwe ibi táwọn olè tí wọ́n ń lé nínú eré gbà fún wọn ni.

"Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀," ni Jethro wí.

Agbára yẹn wà nínú ìwé lóòótọ́. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni. Òkú gbọ́dọ̀ dáhùn, kò sì lè purọ́. Tó bá ti pé mẹ́ta, kò ní lè fọhùn mọ́.

Jethro ju dáìsì. Ó bọ́ sí i.

"Góòlù!" Ó na ọwọ́ sókè. "Ìwọ òkú yìí, ta ni ẹ́?"

Èmi ló yẹ kí n dáhùn. Mo ti ní orúkọ tí mo fẹ́ pè. Mo yanu.

"Ìbítóyè," ni Olúṣínà wí. "Ọmọ Ẹ̀júkù."

Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Kò wo ẹnì kankan nínú wa.

Jethro bú sẹ́rìn-ín. "Rẹfirí, wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ o! Ó dáa, Ìbítóyè, kí ló pa ẹ́?"

"Lọ́rì. A lọ wo bọ́ọ̀lù n'Ìbàdàn, à ń bọ̀. A borí. Gbogbo wa là ń kọrin, dírẹ́bà náà ń kọrin. Kò rí kọ́nà."

Florence ti dìde dúró. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọmọ Ẹ̀júkù ni ìyá mi. Wọ́n mú mi lọ síbi ìsìnkú Bùrọ̀dá Ìbítóyè. Kékeré ni mí nígbà yẹn, wọn ò jẹ́ ká rí ojú wọn."

Àkúdàáyà. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó ti kú lè máa gbé nílùú mìíràn. Mi ò mọ̀ pé ó lè jókòó tì mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó dáìsì sínú páálí. Olúṣínà ṣì jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ ò ṣẹ́, ó ń dúró. Ohun tó ń dúró dè ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ìbéèrè ṣì ku ẹyọ kan.

"Rẹfirí, fọn fèrè," Jethro sọ ọ́ sí mi létí. "Jọ̀ọ́. Ó tó."

Adétutù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà.

"Tutù, má bi í," mo ní.

Kò wo ibi tí mo wà.

"Ṣé èmi lẹ wá mú lọ?"

Olúṣínà wò ó títí. Àánú rẹ̀ ń ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Ìwọ kọ́."

Ó dìde, ó gbé fìlà rẹ̀.

"Ta wá ni?" Jethro pariwo. "Ọ̀gbẹ́ni, ta lo wá mú?"

Olúṣínà yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yanu, ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Ó wá jáde lọ. Adétutù wà lórí ìkúnlẹ̀, kò tẹ̀ lé e.

Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, kò sẹ́ni tó fetí sí i. Nígbà tó yá, Florence ní kí n sin òun délé. Jethro ní òun náà á bá wa lọ. A dúró sẹ́nu ọ̀nà báyìí, olúkúlùkù wa ń sọ fún ẹnì kejì pé kó máa lọ síwájú.