Ìgbésẹ̀ Tí Kọ́mọláfẹ́ Yọ Kúrò

Fọ́ọ̀mù ni Damaris ń kọ lọ́wọ́ ní kánsù Ararọ̀mí-Ọ̀pin lọ́dún 1996, tó fi rí i pé ọkùnrin kan ń wo òun, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń ya àwòrán mi ni?"

"Rárá o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ ti yí ìwé yẹn padà. Ẹ̀bi yín kọ́. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà ni kò mọ ènìyàn."

Damaris rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti ń ṣe tíṣà ní Odò-Ọwá, kò tíì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó sọ fún un pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Kọ́mọláfẹ́ lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Òsì tó ń ṣiṣẹ́ ní kánsù. Ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ló kà ní yunifásítì, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bó bá kí ọ káàárọ̀, yóò ṣàlàyé ìdí tí o fi dá a lóhùn. Síbẹ̀, ó tún fọ́ọ̀mù kánsù ṣe, ojú ewé mẹ́jọ di mẹ́ta. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bẹ akọ̀wé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra wọn. Torí ìyẹn ni Damaris ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gidi.

Lọ́dún kejì, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Èkó gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n gbà á síṣẹ́.

"Kí gan-an ni wàá máa ṣe níbẹ̀, Kọ́mọ mi?"

"Èmi ni n ó máa pinnu ohun tí ènìyàn yóò rí lójú kọ̀ǹpútà, àti ibi tí yóò tẹ̀, kó má baà ṣìnà. Ìgbésẹ̀ tí kò bá wúlò, n ó yọ ọ́ kúrò."

Bàbá Damaris, bàbá ìjọ Áńgílíkà, gbọ́, ó mi orí. "Kí wọ́n máa wo ibi tí ènìyàn ti ń ṣìnà? Iṣẹ́ nìyẹn ní Èkó?" Ṣùgbọ́n kò kọ̀. Ó kàn ní kí ẹbí Kọ́mọláfẹ́ wá tọrọ ọmọ bó ṣe yẹ.

Damaris kọ lẹ́tà sí Èkó: "Bàbá Ìlọ́fà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni olórí ẹbí wa. Kí àwọn èèyàn rẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ẹ tó dá ọjọ́. Má gbàgbé o, ìfẹ́ mi."

Kò gbàgbé. Ó rò ó dáadáa. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, Bàbá Ìlọ́fà kọ́ ló bí ìyàwó, ìyàwó fúnra rẹ̀ sì ti gbà. Ó yọ ìgbésẹ̀ yẹn kúrò.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ méjì kó àwọn ará Òsì dé Odò-Ọwá pẹ̀lú iṣu àti àpò iyọ̀.

Bàbá Damaris kí wọn tán, ó ní, "Ta lẹ rí ní Ìlọ́fà?"

Bàbá Kọ́mọláfẹ́ wojú ọmọ rẹ̀. "Kọ́mọ, ta la rí?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo wò ó pé kò pọn dandan ni."

Bàbá Damaris dìde. "N ò lẹ́nu tí mo lè fi dá yín lóhùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbí. Ẹ ṣé o. Ẹ máa gbé iṣu yín lọ."

Kọ́mọláfẹ́ sáré bá Damaris lẹ́yìnkùlé.

"Àyànfẹ́ mi, n ó lọ sí Ìlọ́fà lọ́la. N ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n."

"Ṣé o mọ ìdí tí mo fi ní kí o lọ?"

"Torí pé àwọn ni olórí ẹbí."

"Ọmọ oṣù márùn-ún ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Kàdúná ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Ìlọ́fà ni wọ́n pọ̀n mí lọ sóko, tí gbogbo ìlú ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ọkùnrin tó ń pọn ọmọ. Ó lé lọ́dún kan tí o ti ń wò mí, Kọ́mọ. O ò bi mí rí pé ta ló tọ́ mi."

"Ṣé o ò ní dárí jì mí ni?"

"Mo ti dárí jì ọ́. N ò kàn ní fẹ́ ọ mọ́ ni." Omijé ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Kọ́mọláfẹ́ padà sí Èkó. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ dára níbẹ̀; ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀ pàápàá kì í ṣìnà lójú kọ̀ǹpútà tó bá ti fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, Damaris fẹ́ Ọmọ́níyì, tíṣà jẹ́jẹ́ kan láti Ẹ̀rúkù. Nígbà àkọ́kọ́ tí Ọmọ́níyì lọ sí Ìlọ́fà kí wọ́n tó dá ọjọ́, kò bá Bàbá nílé. Ó jókòó títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì tún padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Damaris kò fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe fẹ́ràn Kọ́mọláfẹ́. Ó mọ̀. Ọmọ́níyì náà mọ̀. Wọn kì í sọ ọ́.