Abọ́ Omi Abẹ́ Bẹ́ǹṣì Sabina

Bí ẹ bá gba iwájú ilé Sabina kọjá ní Bàrígà ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti túká, imú yín ni yóò kọ́kọ́ dúró kí ẹsẹ̀ yín tó dúró. Òórùn ẹja yíyan ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ilé náà tẹ́lẹ̀, nítorí ọmọ Ìlàjẹ ni Sabina, ojú ọ̀sà sì ni ọkọ rẹ̀, Mákánjúọlá, bàbá Leah ọmọ wọn, ti ń pẹja. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi, kọfí ló ń ta sánsán níbẹ̀.

Ọdún tí ó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin ìlú Òyìnbó wá sí Èkó ni ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá Sabina kan ń gbin kọfí ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Gbogbo èyí tí ó bá ká, àwọn tó ń kó o lọ sí òkè òkun ló ń rà á. Ìyá náà darúgbó sídìí kọfí, kò sì mọ bí ó ṣe rí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun Sabina. Ó ní ó dà bíi kéèyàn máa bímọ kó má mọ ojú wọn.

Ló bá bẹ̀bẹ̀ fún ìwọ̀nba èso, ó kó o wá sí Èkó, ó dá a sínú agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan án. Èyí àkọ́kọ́ jóná di èédú. Èkejì kò jinná. Nígbà tí ó yá ó mọ̀ ọ́n yan, ó gún un lódó, ó sè é, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Rọ̀kíbátù, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta aṣọ ní òdìkejì títì, pé kó wá tọ́ ọ wò.

Rọ̀kíbátù kì í gbọ́ nǹkan kó dákẹ́. Ó sọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, nítorí oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n. Bàbá Ọláyíwọlá, àgbà láàárín àwọn atẹ̀wé náà, ló kọ́kọ́ wá. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Ìsinmi kan kì í lọ kí ará Ṣómólú àti ará Bàrígà má pàdé níwájú ilé Sabina. Onígbàgbọ́ á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Rọ̀kíbátù àti àwọn tirẹ̀ á kírun àìlà tán kí wọ́n tó jókòó.

Kẹ́tùlù mẹ́ta ni Sabina máa ń gbé síwájú wọn. Ọ̀kan, èyí tí iná kàn fọwọ́ kàn. Ọ̀kan, èyí tó yan dáadáa. Ọ̀kan, èyí tó dúdú kirikiri. Kò ní sọ èyí tí ó jẹ́ èwo. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á tọ́ ọ wò, á sọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ bá rí. Ọ̀kan á ní òun gbọ́ ẹ̀pà yíyan nínú rẹ̀, òmíràn á ní kòkó tí wọ́n ń sá lóòrùn ni. Bàbá Ọláyíwọlá tọ́ èyí tó dúdú wò, ó ní ìsàlẹ̀ ìkòkò àpọ́n ló dùn bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọn kò kí ara wọn rí ń bára wọn ṣẹ̀fẹ̀, Sabina á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ á máa dùn ṣìnkìn.

Òfin kan wà níbẹ̀. Ṣíbí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, kí ẹnikẹ́ni má baà bù ju ẹnìkejì lọ, àgbà ló sì ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí ẹnu kan bá ti kúrò lára ṣíbí, wọ́n á ṣàn án nínú abọ́ tánganran funfun kan, kí adùn kẹ́tùlù kan má baà bá ti èkejì jà. Omi kànga ẹ̀yìnkùlé ló wà nínú abọ́ náà, omi tútù tó mọ́ gaara. Sabina kì í jẹ́ kí wọ́n fi omi gbígbóná ṣan ṣíbí. Ó ní omi gbígbóná á gba adùn kọfí dání. Abọ́ yìí ló fi ń yangàn jù nínú gbogbo ètò náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni abọ́ náà kì í fẹ́ rí. Ọ̀gbẹ́ni Adéjìmí ni, wolé-wolé àdúgbò, pẹ̀lú aṣọ kakí rẹ̀ tí a lọ̀ tó gún régé àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìró aago kẹ̀kẹ́ náà. Bó bá ti dún ní ìkòríta, ẹni tó ní ìkòkò omi á dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹni tó ní àgbá omi òjò á wá ìdérí, nítorí bí wolé-wolé bá rí tanwíjí nínú omi ẹni, sámánì ni, ìwé ìpè sí ilé ẹjọ́. Sabina á ti abọ́ rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ǹṣì, Rọ̀kíbátù á jókòó lé e lórí, á tẹ́ ìró rẹ̀ dáadáa títí yóò fi bo ilẹ̀. Wolé-wolé á wo ibí, á wo ọ̀hún, á wo kẹ́tùlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á kí wọn, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Abọ́ á jáde, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ìtọ́wò á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi pamọ́ ló ń níyì, ṣùgbọ́n kì í ṣe abọ́ omi ni wọ́n ń bá wí.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ọdún náà bí ẹni pé wọ́n yọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ìtọ́wò ọjọ́ Ìsinmi kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn tó wá. Rọ̀kíbátù ò lè ṣí ìsọ̀. Ti Bàbá Ọláyíwọlá ló burú jù: ìgbẹ́ ọ̀rìn mú un, ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gbé e mọ́.

Kíá ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn kan ní kọfí náà ti hu. Àwọn kan ní orí iná ẹja ni Sabina ti yan án. Àwọn tí ẹnu wọn kò níjàánu ní àfàìmọ̀ kí obìnrin náà má fi nǹkan sí i. Ìyàwó Bàbá Ọláyíwọlá, Oyèbísí, dá gbogbo kọfí tí Sabina fi tọrẹ fún wọn padà. Ẹni tó rán wá gbé àpò náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Màmá ní kí wọ́n máa lo ohun ìní wọn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Sabina gbé kẹ́tùlù mẹ́ta kalẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó gbá iwájú ilé, ó to bẹ́ǹṣì, ó bu omi sínú abọ́. Kò sẹ́ni tó wá. Rọ̀kíbátù nìkan ló wọ́ ẹsẹ̀ dé, ó ń fi ọwọ́ ti inú, ó ní òun kò lè mu nǹkan kan, òun kàn wá jókòó tì í ni. Nígbà náà ni ẹkún gbọ̀n Sabina. Kì í ṣe kọfí ló ń sunkún lé lórí. Orúkọ rẹ̀ ni, àti àwọn èèyàn tí kọfí ti sọ di ìbátan fún un.

Mákánjúọlá wà lẹ́bàá ògiri, ó ń tún àwọ̀n ṣe, kọ́ọ̀pù rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé e, ó mu ún, ó gbé e kalẹ̀.

"Ìyá Leah," ó ní, "bó bá jẹ́ kọfí ni, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé dálẹ̀. Ta ló ń mu ún tó mi?"

Sabina nu ojú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni Mákánjúọlá ń mu kọfí, inú rẹ̀ kò sì run ún. Ó rántí pé òun tún máa ń bu díẹ̀ sínú kẹ́tùlù onídèérí fún ìyá Rọ̀kíbátù tí kò lè jáde nílé. Ìyá arúgbó náà le koko bí ojú ẹja. Kọfí kan náà, iná kan náà. Kí ni àwọn méjì yìí kò fọwọ́ kàn? Mákánjúọlá kì í bá wọn lo ṣíbí, ó ní ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń fi ṣíbí bọ́. Ìyá Rọ̀kíbátù ní kọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ojú Sabina lọ sí abọ́ tánganran.

Ibi tí ó ti ń wò ó ni aago kẹ̀kẹ́ ti dún.

Ọwọ́ rẹ̀ ti di abọ́ mú kó tó mọ̀, ọwọ́ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Rọ̀kíbátù sún sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ìró sókè, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé kó tètè tì í síbẹ̀. Sabina rò ó wò. Bí ó bá gbé e jáde, ó lè gba sámánì lé ìtìjú tó ti jẹ. Bí kò bá gbé e jáde, kò ní mọ̀ láéláé. Ó gbé abọ́ náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì gbé e lọ pàdé wolé-wolé lójú títì.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dákun, ẹ bá mi wo omi yìí," ó ní. "Nígbàkúgbà tí ẹ bá dé, a máa ń gbé e sá fún yín. Ara àwọn èèyàn mi kò yá, mi ò sì fẹ́ gbé e sá mọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Adéjìmí fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Ó ní kó mú òun dé ìdí kànga. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo inú kànga. Ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ló ń wò. Ẹnu kànga kò ga nílẹ̀, kò ní ìdérí. Lẹ́yìn ọgbà gan-an ni ṣálángá ilé kejì wà, àgbàrá òjò sì ti la ojú ọ̀nà fún ara rẹ̀ láti ibẹ̀ wá.

"Ṣé omi yìí lẹ fi ń se kọfí?" ó béèrè.

"Òun náà ni, sà. Ó sì máa ń hó dáadáa. Ojoojúmọ́ ni Bàbá Leah ń mu ún láìfọwọ́ kan ṣíbí wa, inú kò sì run ún."

"Ìyẹn ló kó Bàbá Leah yọ. Iná ti pa kòkòrò tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ fi ń ṣan ṣíbí ni kò rí iná, gbogbo yín sì ń gbé e sẹ́nu. Ìyá, omi lè mọ́ lójú kó má mọ́ nínú. Kọfí yín kò ṣẹ̀."

Sabina ò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó sọ gbólóhùn yẹn fún un. Ó béèrè bóyá sámánì òun ti délẹ̀.

"Ẹ dìde, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá bá mi, kí ni mo fẹ́ fi sámánì ṣe? Kí a tún kànga yìí ṣe ló kù." Ó kọjú sí iwájú ilé. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí òórùn kọfí yìí ti ń dá mi dúró níbí. Ẹ ò fún mi ní ṣíbí rí."

Ojú ti Sabina ju bí sámánì ṣe lè tì í lọ. Ó gbé omi kaná, ó jẹ́ kó hó, ó fi fọ kọ́ọ̀pù, ó sì bu kọfí fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Adéjìmí kò fi mọ síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Bajulaiye, ó ṣàlàyé fún àwọn atẹ̀wé, ó bá Sabina dé ọ̀dọ̀ Oyèbísí. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó di Sabina mú, ó tọrọ àforíjì. Ọjọ́ tí Mákánjúọlá àti àwọn aládùúgbò pé jọ láti mọ ògiri yí ẹnu kànga ká, àwọn atẹ̀wé wá láti Ṣómólú, wọ́n bá wọn po sìmẹ́ǹtì. Onílé kejì di ṣálángá tirẹ̀ pa, ó gbẹ́ òmíràn sí ìsàlẹ̀, níbi tó jìnnà. Wọ́n ṣe ìdérí pákó fún kànga, ṣùgbọ́n síbẹ̀ wọn kò mu omi rẹ̀ láìsè é.

Ọlọ́run sì ṣe é, Bàbá Ọláyíwọlá dìde. Ọjọ́ Ìsinmi tó padà wá, aṣọ ti tóbi jù ú lọ. Ó fa ṣíbí kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó ti so òwú pupa mọ́ ọn nídìí, nítorí olúkúlùkù ló ń mú ṣíbí tirẹ̀ wá báyìí, omi tó ti hó ni wọ́n sì fi ń ṣàn án. Sabina gbé kẹ́tùlù síwájú bàbá náà gẹ́gẹ́ bí àgbà. Bàbá náà mi orí.

"Mo dúpẹ́, ọmọ mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí ẹni tí a máa ń sá fún kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Rọ̀kíbátù dìde lórí bẹ́ǹṣì tó fi ìró bò ní gbogbo ìjọ́sí, ó ní kí wolé-wolé tó dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ìpàdé ọ̀rẹ́ dára, kí a jọ jẹ kí a jọ mu dára. Ẹ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí omi hó kí ẹ tó mu ún, kí ẹ tó fi fọ abọ́ àti ṣíbí pẹ̀lú. Kí olúkúlùkù lo kọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí ẹ bá ti ṣálángá dé, ẹ má gbẹ́ ṣálángá sí ìtòsí kànga, ẹ sì máa bo ẹnu kànga yín. Bí inú bá ń run ẹnì kan tàbí tí ó ń ya ẹ̀jẹ̀, ẹ má jókòó máa wá ẹni tó fi nǹkan sí oúnjẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Bí ẹ bá sì gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ ní ìkòríta, ẹ fi abọ́ yín sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹni tó wá wo omi wa, ìlera wa ló wá wò. Ẹ fún un ní àga, bí kọfí bá sì wà lórí iná, ẹ fún un ní ṣíbí.