Fọ́tò Tó Wúwo

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé tí mo bá rí eèrà lọ́nà, kí n tó délé ó ti di erin. Mi ò jiyàn. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fi iyọ̀ kankan sí i. Ojú mi ló ṣe. Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ṣì wà láyé, ẹ lè lọ bi í.

Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ni ayafọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ọsibítù. Bí ewúrẹ́ bá kọjá níwájú kámẹ́rà rẹ̀, ó máa ní, "Rẹ́rìn-ín díẹ̀." Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré débi pé tí èèyàn bá fẹ́ sín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde síta. Kò ní fèrèsé. Kọ́tìnì dúdú ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sán gangan lóde, òru ni nínú ibẹ̀.

Fíláàṣì kan ni mo mú lọ bá a. Fọ́tò ọmọbìnrin wa ló wà nínú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa ni. Ó ti kú. Ọkọ rẹ̀ ló fi kámẹ́rà ńlá yà á ní pálọ̀ wa, nígbà tí wọ́n wá kí wa kẹ́yìn. Àwọn fọ́tò rẹ̀ yòókù wà nínú fóònù mi, fóònù yẹn sì já sí kànga kan tí mo rò pé kò tíì dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ìyàwó mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sibítù. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún tòsì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Dókítà ò fi bò fún wa. Ó ní ojú náà lè là, ó sì lè má là mọ́. Ìyàwó mi ò sunkún. Ó kàn dì mí lọ́wọ́ mú.

"Bàbá wa, ẹ jẹ́ kí n rí ojú ọmọ mi kí wọ́n tó gbé mi wọlé."

Ohun tí mò ń sá kiri fún nìyẹn. Kọ̀ǹpútà àwọn nọ́ọ̀sì ò ṣí i. Ti ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì ò ṣí i. Wọ́n ní fọ́tò náà tóbi jù, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ò mọ irú rẹ̀.

Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ti fíláàṣì bọ ara kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì. Fọ́tò ń ṣí díẹ̀díẹ̀ látòkè. Irun. Iwájú orí. Ojú. Ọmọ mi jókòó sórí àga wa, ó ń wò mí.

"Bàbá, fáìlì yìí mà wúwo o."

"Yáa ṣe é. Wọ́n fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ wọlé."

"Màá yí i sí jépẹ́ẹ̀gì. Gbogbo ẹ̀rọ ló mọ ìyẹn. Ó máa fúyẹ́."

"Kí ló máa mú un fúyẹ́?"

"Ohun tí ojú ò ní wá, ó máa jù ú nù. Ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò bá mi lára mu. Ọmọ mi sanra, ó sì fi ń yangàn. Tí ayafọ́tò kan bá ní òun máa bá a dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kù, ó máa pòṣé kan tó lè pa àbẹ́là nílé kejì.

Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà dákẹ́. Mi ò gbọ́ mọ́tò tó wà ní títì mọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹnì kan pòṣé.

"Bàbá, ẹ̀yin ni?"

"Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi tí mo fẹ́ fi pòṣé?"

Fọ́tò tuntun ṣí kíá. Pálọ̀ wa. Àga wa. Tìmùtìmù rẹ̀ tẹ̀ wọnú, bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni.

"Padà sí ti àkọ́kọ́."

Ó padà sí i. Àga ti ṣófo níbẹ̀ náà.

Òmíì ṣì wà nínú fíláàṣì, mo ní kó tún gbìyànjú. Èyí tó ti dúró lójú fèrèsé, a yí i padà, ó ku fèrèsé. Èyí tó ti ń bu omi mu, ó ku ife. Lẹ́yìn náà ó wá ku ẹyọ kan. Ojú rẹ̀ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Mi ò rántí pé ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ká ọwọ́ kúrò. "Bàbá, mi ò ṣe mọ́. Ẹ jẹ́ ká tú kọ̀ǹpútà yìí, ká gbé e lọ bá màmá bó ṣe wà."

Nọ́ọ̀sì kan yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. "Bàbá, wọ́n ti ń ti màmá lọ o."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí bàbá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ò gbà mí, ẹsẹ̀ mi wà níta láàárín àwọn tó ń kọjá. "Jọ̀ọ́," mo ní. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Ògiri pálọ̀ wa nìkan ló jáde.

Mo gbé ògiri yẹn, mo sáré. Irọ́ ni mo fẹ́ lọ pa. Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ń lọ. Mo na ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Ìyá wa, òun rèé. Ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín."

Ó fi ojú kan yẹn wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé ó jókòó? Ó dúró. Inú sì ń bí i." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ó ṣì sanra. Ẹ ṣeun, Bàbá wa. Wọn ò dín in kù."

Ìgbà yẹn ni mo wo ọwọ́ mi. Ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ sí i, funfun báláú. Ojú ìyàwó mi ò tiẹ̀ sí lára ìwé. Ẹ̀yìn èjìká mi ló ń wò.

Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ojú yẹn ò là mọ́. Ìyàwó mi ò sì ráhùn. Tí mo bá bi í nípa ọjọ́ náà, ó máa ní, "Ẹ̀yin náà ṣáà wà níbẹ̀."

Nígbà tí mo padà lọ gba fíláàṣì, ó ṣì wà lára kọ̀ǹpútà. Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ò fọwọ́ kàn án.

"Bàbá, fáìlì kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀. Ó wúwo ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ mi ò gbé e mọ́." Ó wá gbàgbé ara rẹ̀, ó bi mí bó ṣe máa ń bi gbogbo oníbàárà: "Ṣé kí n bá yín dín in kù díẹ̀?"

Ẹnì kan pòṣé.

Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì léèrè. A jáde, a dúró sínú oòrùn. Ewé kan ò mì lórí igi. Kọ́tìnì dúdú yẹn ń fì.