Bí Munawwarah Ṣe Di "Ó-Parí"

Ewúrẹ́ nìkan ló ṣáájú Munawwarah àti Fàlílátù dé yídì Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́ẹ̀sì tuntun wà lára àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, wọ́n há ẹní ìkírun mọ́ abíyá, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò yọ.

Ta ló ní kí wọ́n wá? Nírọ̀lẹ́ àná, Munawwarah rí i lórí fóònù pé wọ́n ti rí oṣù ní Sàúdì. Fàlílátù ní bàbá òun sọ pé wọn ò tíì kéde rẹ̀ níbí, pé ààwẹ̀ ṣì ku ọ̀kan. Munawwarah ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ọdún ni lọ́la. Ó parí." Bí àwọn méjèèjì ṣe jẹ àkàrà láàárọ̀ nìyẹn, tí Fàlílátù yọ́ jáde nílé.

"Mo ti ba ààwẹ̀ mi jẹ́," ni Fàlílátù wí. Omi ti lé sójú rẹ̀. Dípò kí Munawwarah bẹ̀ ẹ́, ó tún ní àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ló ṣàṣìṣe. Fàlílátù bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí gbogbo ìlú kírun ọdún, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni Fàlílátù tẹ́ ẹní sí. Nígbà tí wọ́n wọlé sílé ìwé, Ashraf, ọmọ kíláàsì wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti gbọ́. "Ó-parí ló ń bọ̀ yẹn," ló wí. Kò pẹ́ tó fi kárí ilé ìwé: ẹni tó bá ti ranrí mọ́ èrò tirẹ̀, tí kò fẹ́ gbọ́ tẹlòmíràn, wọ́n á ní ó ń ṣe Ó-parí. Àwọn ọmọ kékeré pàápàá ń sọ ọ́, wọn ò sì mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Munawwarah mọ̀. Kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkòròdú ló wà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń pa ìyá rẹ̀ lẹ́nu mọ́ nìyẹn, títí ìyá náà fi kó jáde, tí ilé sì dá páropáro. Ní báyìí, òun náà ló ń dá jẹun lábẹ́ igi nígbà ìsinmi. Ó dùn ún wọra. Ó kọ́kọ́ bínú sí gbogbo wọn. Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹnu bàbá òun lòun ń fi sọ̀rọ̀.

Nígbà tó gbọ́ pé Fàlílátù máa san ààwẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun náà san tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó gbé dàbínù ìṣínu lọ bá a níwájú ilé wọn.

"Jọ̀ọ́, Fàlílátù. Èmi ni mo jẹ́ kó o jẹun, mo tún wá ń dá ara mi láre."

Fàlílátù sún díẹ̀ fún un lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọ̀sà. Fóònù Munawwarah ní àkókò ti tó. Ẹnu ń yún un láti sọ pé "Ó parí," ó gbé e mì.

"Ṣé ká ṣínu?" ló béèrè. "Kí lo rò?"

"Jẹ́ ká dúró díẹ̀."

Munawwarah dúró. Ọjọ́ yẹn ló yé e pé ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹnìkejì sọ tirẹ̀, òun nìkan ni yóò kù nídìí ọ̀rọ̀, kódà bó bá jàre. Nígbà tí ládàánì pe ìrun, Fàlílátù ló kọ́kọ́ nawọ́ sí dàbínù. Ó mú méjì, ó fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́.