Àpò Tí Ẹ̀gbọ́n Kò Mì

"Má jẹ̀ẹ́ kí n padà bá iṣẹ́ yìí nílẹ̀ o," ni ẹ̀gbọ́n Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, bí ó ṣe ń so okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ooru sì ti ń mú. Ó nàka sí àwọn nǹkan tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Àwọn agolo oògùn ẹ̀fọn yẹn ò gbọdọ̀ bá ìdọ̀tí yòókù lọ. Bátìrì fáànù tó ti wú yẹn náà ò gbọdọ̀ bá a lọ. Àwọn tó ń ta fáànù ní ìkóríta ń gba méjèèjì. Eérú èédú tá a fi yan ẹran lánàá, da omi sí i, rò ó dáadáa, kó o fi í sílẹ̀ nínú garawa irin di ọ̀la."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbígbọ́ kọ́ ni mo ń wí. Ṣíṣe ni."

Ìyá wọn, tó jẹ́ aránṣọ, rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ọ̀gá ilé ìwé ti sọ̀rọ̀," ló wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n sì bá tirẹ̀ lọ.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúkú fẹ́ ṣe é. Ó ti gbé garawa irin sílẹ̀, ó ń wá omi, nígbà tí Afínjú àti ọ̀rẹ́ wọn kan wọlé pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ léjìká. Ìyá ti gbé aṣọ oníbàárà lọ. Gbogbo kíláàsì ló ń pe ọmọ náà ní Afínjú, nítorí pé ẹfun pátákó pàápàá kì í bà lé aṣọ rẹ̀.

"Eérú lo dúró tì báyìí? Ṣé o fẹ́ sin ín ni?" ni Afínjú bi í. "Kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan jàre! Kí làwọn kólẹ̀kólẹ̀ wà fún? Òórùn wọn nìkan tó pa ẹ̀fọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í bó ṣe ń rín in. Kólẹ̀kólẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Níléèwé, ohun tó sọ fún wọn ni pé ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ó fọwọ́ kan eérú náà. Òkè rẹ̀ ti tutù, kò sì wo ìsàlẹ̀. Ó dà á sínú àpò, ó ju àwọn agolo àti bátìrì sí i, ó kó ewé gbígbẹ lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó so ó, ó gbé e síta. Ó yá, ó di ibi ìlúwẹ̀ẹ́.

Wọn ò tíì dé òpin òpópónà tí Afínjú dúró láti ra omi tútù. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn! Apá ibòmíràn ló ti máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ara ẹnì kan ò yá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gbé e wá síbí.

Ẹ̀gbọ́n rí i. Ó fẹ́ gbọ́wọ́ sókè kí i. Lẹ́yìn náà ó rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì kọjú síbòmíràn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ti mọ̀ tipẹ́ pé àbúrò òun ń tijú òun. Ó dun Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dọ́kàn.

Ọkọ̀ ń lọ láti ilé dé ilé. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbé àpò, á dì í mú létí, á mì ín, á tẹ́tí sí i, kó tó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí ni á fa ọ̀pá kan, irin ńlá á sì tẹ ìdọ̀tí náà pa pọ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpò tiwọn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Á mì ín. Á gbọ́ agolo, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ju pé kó bá mi wí lálẹ́ lọ." Bó bá pariwo, Afínjú á mọ̀. Bí kò bá pariwo ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ó wo àpò náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jù ú sínú ọkọ̀. Kò mì ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi o!"

Ó ti ń sáré kó tó mọ̀ pé òun ló ń ké. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yíjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti fa ọ̀pá náà. Gbàù! Iná bú jáde, agolo kan fò kọjá létí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì ṣubú sójú títì.

Awakọ̀ bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ apaná. Nígbà tí iná náà kú, èéfín ṣì ń rú, apá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n sì ti bó láti ọwọ́ dé ìgúnpá. Yíyí tó yíjú sí ohùn Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kó ojú rẹ̀ yọ.

"Ṣé o mì ín?" ni awakọ̀ bi í. "Mo ní ṣé o mì ín! O mọ òfin. Ẹni tí ò bá mi àpò, iṣẹ́ ẹ̀ ti bọ́ nìyẹn."

"Mi ò mì ín," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn, ó fún eyín pọ̀. "Àpò ilé wa ni. Mo rò pé mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Afínjú ti sáré tẹ̀ lé Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dákẹ́," ló sọ sí i létí. "Kò sẹ́ni tó rí wa."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Èmi ni mo di àpò náà, sà. Ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ yìí, mi ò gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?" ni Afínjú wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ìyá mi."

Ìyá wọn bá wọn nílé ìwòsàn. Ó wo apá ọmọkùnrin rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó wá wo Pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀," ló wí. "Ìwọ lo dà á, ọmọ mi. Wo ẹni tí eérú tọ̀."

Nítorí òótọ́ tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ, wọn ò lé ẹ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó jókòó sílé títí apá rẹ̀ á fi jinná. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò débi ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́ ní gbogbo ìsinmi yẹn. Òun ló ń fọ aṣọ ẹ̀gbọ́n, òun ló ń bá a de bọ́tìnnì. Ó tún ń ti ojúlé dé ojúlé gba agolo oògùn ẹ̀fọn àti bátìrì tó ti kú, ó ń kó wọn lọ sí ìkóríta. Lọ́jọ́ kan, Afínjú fúnra rẹ̀ gbé agolo méjì wá, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, òpópónà wọn ni wọ́n fún un. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró ti àpò wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ké sí i láti òkèèrè kí gbogbo àdúgbò gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ẹ̀gbọ́n fi apá tó ní àpá gbé àpò náà. Ó fẹ́ jù ú sínú ọkọ̀.

"Ẹ mì ín."

"Mo fọkàn tán ẹ."

"Ẹ ṣáà mì ín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mì ín, ewé gbígbẹ nìkan ló dún. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ọkọ̀ náà títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀. Ó ti mọ̀ báyìí pé ohun tá a bá jù nù kì í parẹ́. Ọwọ́ ẹnì kan ló ń bọ́ sí, ọmọ ìyá ẹnì kan sì ni onítọ̀hún.