Ìjì Inú Pàkúté

Nígbà tí epo ilẹ̀ tán láyé, tí àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ń fi àbẹ́là jẹun alẹ́, ìjì ni àwọn ará Òkè-Ìsán ń dẹ fún aráyé. Irọ́ kọ́. Wọ́n gbé ilé irin gàgàrà kan kalẹ̀ sórí òkè wọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ sí ojú ọ̀run, wọ́n sì sọ ọ́ ní pàkúté-ìjì. Bí ìjì bá ń bọ̀ láti ìhà òkun, pàkúté á fà á wọ ọ̀fun, á fi yí àgbá irin, àgbá irin á sọ ọ́ di iná. Iná yìí á wá gba inú okùn kan tó nípọn tó itan ọkùnrin, á gba abẹ́ òkun lọ sí ìlú òkèèrè. Kò sí èéfín, kò sí òórùn epo, ẹja ò sì kú sódò mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ayé ti rí ìgbàlà.

Àléébù kan ló ní. Ìjì tó bá ti wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú okùn jáde tán. Bí ẹnikẹ́ni bá gé okùn náà nígbà tí ìjì ṣì wà lọ́fun pàkúté, ìjì á tú, kò sì ní fi ilé kan sílẹ̀ lóòró ní Òkè-Ìsán.

Ìbíyẹmí, ọmọ bíbí ìlú náà, ni olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọba wàjà, ìjì àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pàkúté ni Olóyè Ọ̀dọ̀fin, àgbà ìjòyè tí ìsìnkú ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, dé pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó mú àdá àti àáké dání. Ọláníhún, àbúrò Ìbíyẹmí, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló ṣíwájú wọn.

"Ìwọ náà mọ èèwọ̀ ìlú," Ọ̀dọ̀fin ní. "Bí ọba bá wàjà, iná kankan ò gbọdọ̀ jó nílẹ̀ yìí títí a ó fi sin ín. Àwọn obìnrin ti da omi sí ààrò. Pa tìẹ náà."

"Bàbá, mo ti pa iná gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ìjì wà nínú pàkúté. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọ̀la kó tán."

"Kí ọba sùn sílẹ̀ di ọ̀la, kí iná máa jó lé e lórí? Kí ló dé tí ẹ kọ́ ẹ̀rọ tí kò ṣe é pa lójú ẹsẹ̀?"

Inú bí Ìbíyẹmí. "Èmi lẹ ń bi? Ṣé ẹ ti gbàgbé ìpàdé ààfin ni? Òyìnbó tó ya àwòrán ẹ̀rọ yìí bi wá bóyá ọjọ́ kan wà tí ìlú á fẹ́ kí gbogbo iná kú lẹ́ẹ̀kan náà. Kí lẹ wí?"

Ọba fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí ìtẹ́ lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ le koko, ta ló sì tó bẹ́ẹ̀ tí yóò máa sọ̀rọ̀ ikú ọba lójú ọba? Gbogbo wọn ní kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Ìbíyẹmí náà sì mi orí sí i. Òyìnbó gbà wọ́n gbọ́, ó kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yà lọ́nà," Ọláníhún ní. "Iná ilé ìyá wa ò tó lọ aṣọ, àwọn ará òkè òkun sì ń fi ìjì wa mú yàrá wọn tutù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa ṣọ̀fọ̀ lónìí nìkan."

"Bí ẹ bá gé okùn yẹn, ìlú á parẹ́!"

"Ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ nìyẹn bí ìlú bá ti béèrè nǹkan."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ẹ̀rọ na ọ̀pá tó ń fi iná gbéni mọ́ ọmọkùnrin kan láyà, ọmọ náà ṣubú, ó ń gbọ̀n. Ni ọ̀rọ̀ bá di bó ò lọ o yà fún mi. Àáké la orí ẹ̀ṣọ́ náà. Ẹ̀ṣọ́ kejì fẹ́ ti ilẹ̀kùn, àdá gé ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ń wo ọwọ́ náà nílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n tẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí gbọ̀ngàn abẹ́ ilé níbi tí okùn ti jáde lára ẹ̀rọ.

Ìbíyẹmí sáré gòkè lọ sí yàrá ìdarí, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ó rí wọn nínú gbọ̀ngàn náà lójú dígí ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́ ilé hàn. Ihò kan wà ní àjà ibẹ̀ tí wọ́n fi ń dín ìjì kù bó bá pọ̀ jù. Kò lè gba odidi ìjì, ṣùgbọ́n ó tó pa ẹni tó bá dúró sábẹ́ rẹ̀. Irin tó ń ṣí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ọláníhún!" Ohùn rẹ̀ gba inú gbohùngbohùn. "Mo fi ọmú ìyá wa bẹ̀ ọ́, jáde!"

Ọláníhún gbójú sókè. "Ẹ pa á, n ó jáde."

"Kò ṣe é pa!"

Ọláníhún sọ àáké lu okùn. Awọ okùn ya. Ó tún sọ ọ́, bàbà pupa yọ síta, gbogbo ilé irin náà mì tìtì. Láti ojú fèrèsé, Ìbíyẹmí ń wo àwọn ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ òkè, wọ́n ń sunkún ọba. Ọláníhún tún gbé àáké sókè. Ìbíyẹmí fa irin.

Ìjì já wọ gbọ̀ngàn tòun ti mànàmáná. Ó ń gbé wọn lu ògiri bí ẹni ń lu aṣọ mọ́ òkúta létí odò. Iná gba ara àdá wọ inú ẹran ara wọn, irun gbiná, egungun ń ṣẹ́. Ìbíyẹmí ń ké, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Nígbà tó ti irin náà padà, kò sí ẹni tó ń mira nísàlẹ̀ mọ́. Okùn ò já, ìyókù ìjì sì ń gba inú rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́.

Ó sọ̀kalẹ̀. Èjí iwájú ẹnu ló fi mọ àbúrò rẹ̀. Ó jókòó sínú eérú, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ọ̀dọ̀fin, tí kò bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀kalẹ̀, wọlé láìdé fìlà, ó ń yí òkú kan sí òmíràn, ó ń wá ọmọ tirẹ̀.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ Ìbíyẹmí dún. Ohùn obìnrin kan ni, láti òkè òkun, ẹ̀rọ ògbufọ̀ sì ti sọ ọ́ di Yorùbá tó mọ́ gaara.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Òkè-Ìsán. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná fò díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n iná wa ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ṣé àlàáfíà ni?"

Ọ̀dọ̀fin dúró, ó ń wò ó. Ìbíyẹmí gbé ọrùn ọwọ́ súnmọ́ ẹnu.

"Àlàáfíà ni," ó ní. "A dúpẹ́."